Ẹni Tó Ń Ka Owó Tí Ilẹ̀ Ti Jẹ Lójú

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ aṣàwárí irin kiri oko olóko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àṣẹ onílẹ̀, sábà máa ń hú kọ́bọ̀ àtijọ́ tí ojú ọba ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, ètò tó ń kọ ohun àtijọ́ tí aráàlú bá rí sílẹ̀, ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ọdún 1997 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. British Museum ló ń darí rẹ̀ ní England, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà káàkiri agbègbè. Wọn kì í díye lé owó. Ohun tí owó náà jẹ́ àti ibi tó ti jáde ni wọ́n ń wá.

Òṣìṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ wá orúkọ ọba. Á gbé owó sórí ìwọ̀n, á wọn fífẹ̀ rẹ̀, á wá tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè gbé ìlà tó bá kù yọ. Bó bá jẹ́ bàbà tó nípọn, tó fẹ̀ tó mìlímítà 36, tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 28, tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó sì ga, ọ̀rọ̀ ti parí: kọ́bọ̀ George Kẹta ti ọdún 1797 ni, èyí tí ẹ̀rọ Matthew Boulton tẹ̀ nítòsí Birmingham. Ńṣe ni wọ́n tẹ lẹ́tà rẹ̀ wọnú etí náà, ìyẹn ni lẹ́tà fi máa ń kù nígbà tí imú ọba ti jẹ tán. Bàbà yòókù kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti 1672 ni Britannia, obìnrin tó jókòó, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà lẹ́yìn owó bàbà, nítorí náà rírí òjìji rẹ̀ nìkan kò tíì sọ ọba tó ni ín.

Ẹni tó bá rí irú owó yìí, ẹ jọ̀wọ́, kó má fi fínígà tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Inú ìdógùn-ún aláwọ̀ ewé yẹn gan-an ni àwòrán tó kù máa ń wà. Ẹni tó bá ha á ti ha ọba dànù.

Lábẹ́ òfin ìṣúra ọdún 1996, owó wúrà tàbí fàdákà méjì tó ti lé ní 300 ọdún, tí wọ́n jọ wà lójú kan, di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi tó coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìdájọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn ìṣúra, létí láàárín ọjọ́ 14. Bó bá jẹ́ bàbà, ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá. Ẹni tó mú ẹyọ kọ́bọ̀ kan ṣoṣo wá, òfin kọ́ ló lé e wá. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ ètò náà ti ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, mo sì ka ìyẹn sí iṣẹ́ ńlá.

Oko wo, igun wo nínú oko: ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ kì í fojú fò nìyẹn. Owó mélòó kan tí onírúurú èèyàn rí lórí ilẹ̀ kan náà lè fi hàn pé ọjà tàbí ọ̀nà àtijọ́ wà níbẹ̀. Bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ tán, á dá kọ́bọ̀ náà padà fún ẹni tó mú un wá.