Èdè Yorùbá ti wọ inú eré Minecraft: èdè Ifẹ̀ ńkọ́?

Bí àwọn àgbà bá jókòó sí ìdí ọpọ́n ayò, àwọn tí ń wòran kì í dákẹ́. Wọn a máa gba ọ̀ta nímọ̀ràn, wọn a sì máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹnìkan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni ayò. Àwọn tí ń ta á ni wọ́n ni ín.

Ti eré orí ẹ̀rọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní géèmù, yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ni ó ni ín. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rò pé àwọn tí ń ṣeré náà kò lọ́wọ́ nínú bí ó ṣe rí kò tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́ méjì, Minh Le àti Jess Cliffe, mú eré Half-Life tí ilé iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n tún un tò, wọ́n sì sọ ọ́ di eré tuntun, Counter-Strike. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Valve fi rà á, tí ó sì gba àwọn méjèèjì síṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń dára báyìí. Láti inú eré Warcraft III ti ilé iṣẹ́ Blizzard ni àwọn tí ń ṣeré ti fa eré Dota yọ, tí wọ́n ń tún un ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí Blizzard tún Warcraft III gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020, ó kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé eré yòówù tí ẹnikẹ́ni bá fi irinṣẹ́ òun ṣe, ti òun ni. Ẹni tí ó bá kọ́ yàrá sórí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àdéhùn tí ó wà nílẹ̀.

Èyí tí ó kan àwọn tí ń sọ Yorùbá jù ni Minecraft. Ilé iṣẹ́ Mojang ní Sweden ni ó parí rẹ̀ ní 2011. Microsoft rà á ní 2014 ní bílíọ̀nù dọ́là 2,5. Nínú eré yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jọ kọ́ ilé, kí wọ́n sì tẹ ìlú dó. Àwọn tí ń ṣe é náà ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sí èdè wọn lórí ìkànnì Crowdin: ẹnìkan a dábàá ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn a dìbò, alátúnṣe a sì fọwọ́ sí i. Báyìí ni Yorùbá àti Ìgbò ṣe wà lára àwọn èdè tí ènìyàn lè yàn nínú rẹ̀. Ìjọba kankan kò pàṣẹ rẹ̀.

Èdè Ifẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní Ana, kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ń sọ ọ́ ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ sì ni ìtàn wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Nígbà tí Togo ṣe àtúnṣe ẹ̀kọ́ ní 1975, Ewe àti Kabiyè ni ó yàn fún ilé ìwé. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ni ó ń kàwé ní Faransé, tí ó sì ń sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé nìkan. Ṣùgbọ́n èdè náà ní ìlànà kíkọ, ó sì ní ìwé atúmọ̀. Ohun tí ó kù ni ibi tí ọ̀dọ́ yóò ti máa kà á lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a fi dandan mú un.

Ọ̀rọ̀ inú Minecraft kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará oko: àáké, ọkọ́, àgùntàn, adìyẹ, oyin, irin, ìléru. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ wọn yóò níláti tọ àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ lọ láti béèrè orúkọ tí òun kò mọ̀. Àǹfààní tí ó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, nítorí pé ìbéèrè ọ̀hún ni ó ń ṣọ̀wọ́n lónìí.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ olówó ni yóò jẹ èrè iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí. Nítorí náà, kí àwọn tí ó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ ka àdéhùn dáadáa, kí wọ́n sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kó jọ sínú ìwé tiwọn, èyí tí wọ́n tún lè fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí ilé iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn eré rẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ náà kò ní bá a lọ.

Ọ̀dọ́ ni ó mọ ẹ̀rọ, àgbà ni ó mọ orúkọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.