Dídùn Ọdún Tí Kò Bèèrè Óòfù: Ẹ̀pà àti Ṣúgà ní Odawna

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè àwọn ọmọdé ń gbẹ, èrò á pọ̀ sí i ní Odawna. Àdúgbò yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwame Nkrumah Circle, ọ̀kan lára àwọn ibi tí ọkọ̀ àti ènìyàn ti ń pàdé jù lọ ní Accra, olú ìlú Gánà. Ẹni tó ń lọ ṣọdún ní Kumasi, ẹni tó wá ra aṣọ ọmọ, ẹni tó fẹ́ tún fóònù ṣe, gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Láàárín ariwo yìí ni àwọn tó ń kiri ti ń gbé àwo lérí. Ohun tó wà nínú àwo náà ni ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣúgà dì pọ̀, tí wọ́n gé gbọọrọ gbọọrọ, tó ń dán bíi gíláàsì. Nkate cake ni orúkọ rẹ̀. Nkate ni ẹ̀pà lédè Akan. Èkejì rẹ̀ ni kube cake, èyí tí wọ́n fi àgbọn ṣe.

Odidi ọdún ni wọ́n ń ta ìpápánu yìí, ọmọ ilé ìwé ò sì mọ̀ ọ́n tì. Ṣùgbọ́n nígbà Kérésì, ó máa ń kúrò ní ohun àjẹrìn, á di ohun tí a fi ń ṣe àlejò. Ilé tí agbára rẹ̀ kò ká kéèkì oníbọ́tà lè fi ẹ̀pà àti ṣúgà kún àwo, kí ojú má tì í níwájú ẹni tó wá kí i.

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, Accra kì í ṣe ìlú àjèjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà àti Ṣakí ti ṣòwò káàkiri ọjà Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pé, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Kérésì kò. Títí di òní, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà nílé wa tó jẹ́ pé Gánà ni wọ́n bí i sí, tí adùn ọdún ibẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí Tó Fi Bá Àsìkò Mu

Kí oṣù Kejìlá tó dé ni wọ́n ti ń kórè ẹ̀pà ní ìhà àríwá Gánà, bó ṣe rí ní ìhà àríwá Nàìjíríà náà. Nítorí náà, ẹ̀pà tuntun máa ń wà lọ́jà nígbà ọdún. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣúgà tó ti yọ́ tó sì dì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nígbà òjò, kì í pẹ́ tí á fi máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á dúró gán-ín, á sì máa ró kàù lẹ́nu.

Àwọn ará ibòmíràn náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní Spain, turrón, èyí tí wọ́n fi èso álímọ́ńdì àti oyin ṣe, ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ nígbà Kérésì. Ní Íńdíà, ẹ̀pà àti ṣúgà ìrèké tí wọ́n ń pè ní chikki jẹ́ ohun àjẹgbádùn àsìkò òtútù. Ní Brazil, oṣù Kẹfà ni òtútù ń mú, ìgbà náà sì ni wọ́n ń jẹ pé-de-moleque, tí òun náà jẹ́ ẹ̀pà onísúgà, níbi àjọ̀dún tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù yẹn.

Ohun tó mú un rọrùn ní Odawna ni pé kò bèèrè óòfù. Ilé há níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ayálégbé ló sì ń dáná ní àgbàlá lórí ààrò eléèédú tí wọ́n ń pè ní coal pot. Páànù kan, ṣíbí onígi, pátákó tó mọ́, àti ìgò tí a ó fi tẹ́ ẹ ti tó.

Ẹ̀pà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí, wọ́n rí i pé inú oúnjẹ wọn ni ikú ti wá: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó ti bu. Oró tí èébu náà pèsè ni a mọ̀ lónìí sí aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ewu àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá tó bá tún ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B.

Yíyan ẹ̀pà kò lè pa gbogbo oró yìí. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ṣúgà ń bo àṣírí. Ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ máa ń korò, a ó sì tu ú dànù bí a bá jẹ ẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n bí a bá yan án, tí a gún un, tí a sì fi ṣúgà dì í, ahọ́n kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ọmọ á sì gbé e mì.

Nítorí náà, ẹ̀pà tútù tó wà ní odindi ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti yan, tí wọ́n ti bó, tàbí tí wọ́n ti fọ́ kalẹ̀. Olonka ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Accra, bí a ṣe ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ dà á sórí àtẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì ṣà á. Èyí tó bá hunjọ, tó dúdú, tó fọ́, tí kòkòrò ti jẹ, tàbí tí nǹkan bí òwú aláwọ̀ ewé ti hù sí lára, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ má ṣe fi fún adìyẹ, nítorí ohun tó pa tòlótòló kò ní yọ adìyẹ sílẹ̀. Ṣíṣà yìí nìkan máa ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà kúrò.

Ó lè dun ẹni tó ń ṣe é tà láti da ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nù nínú olonka kan, pàápàá bó bá jẹ́ pé owó ọjà inú oṣù Kejìlá ló fẹ́ fi san owó ilé ìwé nínú oṣù Kìíní. Kí ó ka ẹ̀pà tó dànù mọ́ owó ọjà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ka èédú, ṣúgà àti ọ̀rá. Ẹni tí kò bá kà á á rò pé òun jèrè, kò sì jèrè.

Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Ife ẹ̀pà méjì, ife ṣúgà kan, ṣíbí ìpotíì kan omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ bíńtín àti òróró díẹ̀ la nílò.

Ẹ yan ẹ̀pà náà lórí iná tí kò le, kí ẹ máa rò ó títí á fi máa ta sánsán. Bó bá tutù, ẹ fi ọwọ́ ra á, kí ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ẹ gún un ní ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta péré kó lè fọ́ wẹ́wẹ́. Kó má di lẹ́búlẹ́bú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣúgà rárá, ẹ fi òróró pa pátákó, ìgò àti ọ̀bẹ, kí ẹ sì kó wọn sítòsí, torí pé kò ní sí àyè láti wá wọn nígbà tó bá yá.

Ẹ da ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú páànù lórí iná tó rọra ń jó. Ọsàn yìí ni kì í jẹ́ kí ṣúgà padà di kóró lẹ́yìn tó bá ti yọ́. Ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ ṣù jọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ má sì koná mọ́ ọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó bá yọ́ tán tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti oyin, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ da ẹ̀pà sí i, kí ẹ sì rò ó kíákíá. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bíi ti kọfí, ó ti jóná nìyẹn, á sì korò.

Ẹ dà á sórí pátákó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ìgò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì gé e gbọọrọ gbọọrọ kó tó le. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ ní. Bó bá ti tutù, fífọ́ ló máa fọ́, kò ní ṣeé gé mọ́. Ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí tó le, kí ẹ tẹ́ bébà sáàárín ìpele kan àti èkejì.

Ti àgbọn kò nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rin àgbọn méjì, kí ẹ fún omi wàrà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrẹsì ọdún. Ẹ se ife ṣúgà kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú ìlàjì ife omi títí á fi ki. Ẹ da àgbọn àti atalẹ̀ rírin díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa rò ó títí omi á fi gbẹ, tí á pọ́n, tí á sì máa ṣù mọ́ ṣíbí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tírèè tí ẹ ti fi òróró pa, kí ẹ gé e. Èyí kì í le bíi ti ẹ̀pà, àwọn àgbà tí eyín wọn kò lágbára mọ́ á gbádùn rẹ̀.

Ọwọ́ Ọmọdé àti Ṣúgà Gbígbóná

Ọmọdé lè ṣa ẹ̀pà, kí wọ́n bó o, kí wọ́n sì dì í. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jìnnà sí páànù. Omi tó ń hó gbóná tó ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣúgà tó ń yọ́ kọjá 160, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fipá ṣí ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bó bá lé ròrò tàbí tó jẹ́ ojú tàbí ọwọ́ ló kàn, ilé ìwòsàn ló yá.

Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odindi tàbí nkate cake líle, nítorí ó lè há a lọ́fun. Kí ẹ tó gbé àwo fún ọmọ àlejò, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ara ọmọ náà gba ẹ̀pà, torí pé ẹlòmíràn wà tí ètè rẹ̀ á wú, tí èémí á sì há a.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó kù lẹ́yìn jíjẹ náà kò kéré. Odò Odaw tó gba ẹ̀gbẹ́ Odawna kọjá kún bo Circle ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Iná sì tún sọ nílé epo kan níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó lé ní 150 ló bá a lọ. Ìdọ̀tí tó dí ojú àgbàrá wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi fún ìkún omi náà. Ilé tó bá fi bébà di ìpápánu rẹ̀, tó sì kọ́ ọmọ láti má ju ọ̀rá sínú gọ́tà, ti ṣe àdúgbò lóore.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún ní Accra, ẹni tó bá wọlé á ní, “Afehyia pa!” Onílé á dáhùn pé, “Afe nkɔ mmɛto yɛn bio,” ìyẹn ni pé kí ọdún lọ, kó sì padà wá bá wa. Àwa náà ń wí i nílé: àṣèyí ṣàmọ́dún. Ìyá tó jókòó ṣa ẹ̀pà rẹ̀ ní kóró kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e kaná ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àmín sí àdúrà náà.