Ẹ̀RỌ AMÚLÉTUTÙ TÓ KỌṢẸ́ SÍLẸ̀: ṢÉ GÁÀSÌ NI ÀBÍ INÁ?

Bí ooru bá mú ní Ìlaròó nínú oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé a máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rọ yìí sábà máa ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Gáàsì ti tán." Wọn a pe oníṣẹ́, wọn a ra gáàsì, owó a lọ, síbẹ̀ yàrá kò ní tutù. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ló fa wàhálà náà.

Kí ló fà á? Compressor ni ọkàn ẹ̀rọ yìí. Òun ló ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, òun ló sì ń jẹ iná jù. Nínú ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter, iná tó ń fà nígbà tó bá fẹ́ dìde pọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan ju èyí tó ń lò bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Fóltéèjì 230 ló yẹ kó wọlé wa. Bí gbogbo àdúgbò bá wà lórí transformer kan, iná NEPA (bí a ṣe ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò láti ọdún 2005) lè já wálẹ̀ sí 160. Gílóòbù a pọ́n, fáànù a máa fẹ́, ṣùgbọ́n compressor kò ní lè dìde. A ó gbọ́ tí ń kùn, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Bí a bá ń tàn án ní tipátipá, wáyà inú rẹ̀ yóò jóná.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ:

1. Bí ẹ̀rọ kò bá dáhùn rárá, ẹ wo bátìrì rìmóòtù, kí ẹ sì wo breaker. Bí breaker bá ti já, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá tún já, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

2. Bó bá ń fẹ́ tí kò tutù, ẹ wo fóltéèjì lójú stabilizer. Bó bá kéré, ẹ pa á.

3. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó tàn án, kí agbára gáàsì inú páìpù lè dọ́gba.

4. Bí iná bá dára tí compressor ṣì ń kùn lásán, ó lè jẹ́ kápásítọ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe ṣí i o! Kápásítọ̀ a máa fi iná pamọ́ sínú kódà lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ.

5. Bí púlọ́ọ̀gì bá gbóná tàbí tó ń rùn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ yìí yẹ kó ní wáyà nínípọn tirẹ̀ láti ìdí breaker. Kì í ṣe ohun tí à ń fi sórí extension.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan láti Amẹ́ríkà jẹ́ fóltéèjì 115. Iná tiwa yóò jó o.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó gbọ́ òórùn wáyà jíjó, tó ní òun yóò wò ó lọ́la, kó rántí pé àwọn ọmọ ń sùn nínú yàrá náà.