Ohun tí ó ń yọ̀ lára òkúta odò

Ní etí odò Ouémé, òkúta inú omi máa ń yọ̀. Kí ni ó fà á? Ewédò àti àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó so mọ́ ara òkúta náà.

Àwọn kòkòrò náà wúlò fún wa. Ìtọ̀ ẹja ní oró tí ó lè pa ẹja. Wọ́n ń sọ oró yìí di oúnjẹ ewédò. Epìyà ń jẹ ewédò, àwa náà ń jẹ epìyà.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ oko òwú bá pọ̀ jù nínú omi, agbára wọn kò ní í ká a mọ́. Atẹ́gùn inú omi á tán, ẹja á kú.

Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí odò. Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ sí etí omi.