Bàálù tòkúnbọ̀: ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò kẹ́ ẹ tó wo ọ̀dà

Bí wọ́n bá ti dárúkọ bàálù létí ẹlòmíì, olówó rẹpẹtẹ lọkàn ẹ̀ máa ń lọ bá. L'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ wà nínú àwọn tó ń ra bàálù kékeré tó ń lo písítìnnì, dókítà eyín wà níbẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú mẹ́ta wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún náà lè rà á, nítorí òfin gbà kí ẹni tó ní gíríìnì káàdì forúkọ bàálù sílẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀, bí kò tiẹ̀ tíì di ọmọ Amẹ́ríkà.

Àmọ́ owó tí wọ́n fi ra bàálù kọ́ lowó ńlá tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Cessna 172, tó ń gba èèyàn mẹ́rin. Láti 1956 tó ti jáde, èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní 44,000. Kò sí bàálù mìíì tí wọ́n ṣe tó o láyé. Wọ́n dá ṣíṣe ẹ̀ dúró lọ́dún 1986, ó di 1996 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà fi ti lé lógójì ọdún. Ìyẹn nìkan ò tó ohun tí í bani lẹ́rù.

Bàálù tó ti jókòó lójú kan ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra jẹnẹrétọ̀ tòkúnbọ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú ọ̀pọ̀ 172, òkè ni irin tó ń ṣí fáàfù wà. Bí bàálù ò bá fò fún oṣù mélòó kan, ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò lára irin náà, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń tà á á máa yangàn pé wákàtí díẹ̀ péré ló ti fò. Èmi ò ní í rà á. Èyí tó ti fò fún 1,400 wákàtí, tí wọ́n ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò ibẹ̀. Lycoming sọ pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì O-320 palẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe látìpìlẹ̀, tó bá ti ṣiṣẹ́ fún 2,000 wákàtí tàbí tó bá pé ọdún 12. Ká ní 40,000 dọ́là ni iṣẹ́ yẹn máa gbà, a jẹ́ pé wákàtí kan jẹ́ 20 dọ́là. Bí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà bá ti lo 1,800 wákàtí, ẹni tó ń tà á ti jẹ 36,000 dọ́là nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ rántí ẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe èyí tó ti ń bá ẹni tó ń tà á tọ́jú ẹ̀. Kó fi afẹ́fẹ́ wo bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dì í mú sí, kó gé fílítà ọ́ìlì wò bóyá èérún irin wà ńbẹ̀, kó tan iná wo inú apá bàálù fún ìpẹtà. Kẹ́ ẹ jọ ka ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ara ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Bí ìwé yẹn bá sọ nù, ẹ gé owó ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wo ìwé àjọ FAA ní Oklahoma City, bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, oṣù 12 méjìméjìlá ni mẹkáníìkì tí FAA fún láṣẹ àkànṣe gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ síwèé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ fò. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí ló máa ń já ọ̀pọ̀ olówó tuntun láyà. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ìwabàálù lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti táyà bàálù tiẹ̀, kó sì kọ ọ́ síwèé. Sìlíńdà mẹ́rin, pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni o. Méjì-méjì ni wọ́n fi sí i, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí èkejì bá kú lókè.

Àwọn mìíì máa ń para pọ̀ rà á, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó dáa, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síwèé ẹni tó máa san kí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dé. Bí èsúsú ni kí wọ́n máa dá 20 dọ́là orí wákàtí yẹn, kí oníkálùkù máa san ti wákàtí tó fò, kí owó náà sì wà ní báńkì lọ́tọ̀.