Moviola: Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Gé Fíìmù

Moviola olóòró, fún fíìmù mílímítà 35
Irin, gíláàsì, mọ́tò oníná
Hollywood, Amẹ́ríkà

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ojú lásán ni àwọn olóòtú fi ń ṣiṣẹ́. Wọn a na fíìmù sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọn a wo àwòrán rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi àlùmọ́gàjí gé e. Iwan Serrurier kọ́kọ́ gbèrò Moviola ní 1917 kí àwọn èèyàn lè máa fi wo sinimá nílé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n jù. Ní 1924, ó tún un ṣe fún iṣẹ́ olóòtú, ilé iṣẹ́ fíìmù Douglas Fairbanks rà á, ọjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Ẹ wo àwọn ìtẹ̀sẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn: ẹsẹ̀ ni olóòtú fi ń darí mọ́tò. Ojú rẹ̀ á wà lára dígí kékeré òkè, á sì fi pẹ́ńsù funfun sàmì síbi tó fẹ́ gé. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gígé bá fi àwòrán méjì péré yẹ̀, ó lè ba eré jẹ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí. The English Patient (1996), tí Walter Murch tò, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tò tó gba Oscar ti olóòtú. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń yọ ariwo kúrò nínú ohùn. Ẹ jẹ́ kó máa bá wa yára. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí omijé ti bọ́, àti bó ṣe yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ pẹ́ tó, èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa pinnu wọn.