Bí Ìlù Oníná Ṣe Lè Máa Gbọ́ Ọwọ́ Yín

Ní Jos, níbi tí olú ilé ìjọ ECWA àti ti COCIN wà, onílù ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ lọ jàra. Ibi tí gbọ̀ngàn bá kéré, ìlù oníná ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, torí pé ẹ lè dín ariwo rẹ̀ kù. Àròyé kan ló sì máa ń tẹ̀ lé e: ẹ rọra lù ú, kò dáhùn, ẹ lù ú kíkankíkan, ohùn kan náà ni. Kí ẹ tó ní ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀.

Abẹ́ ojú ìlù kọ̀ọ̀kan ni pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ piezo. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní etí ìlù. Ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn òkúta kan máa ń mú iná díẹ̀ jáde tí a bá tẹ̀ wọ́n. Bí etí ìlù ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: bí ẹ bá ṣe lù ú tó ni iná rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Wáyà á gbé iná yìí lọ sínú module, ìyẹn àpótí ohùn, tó máa sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 1 dé 127, gẹ́gẹ́ bí ìlànà MIDI ti ọdún 1983, èyí tí àwọn ohun èlò orin oníná fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni àpótí ohùn mọ̀. Iṣẹ́ wa ni kí ìlù jẹ́jẹ́ bọ́ sí nọ́ńbà kékeré, kí èyí tó le jù sún mọ́ 127.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Awọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ awọ alásẹ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Roland gbé jáde ní 1997, òwú oníke ni wọ́n fi hun ún. Òjò kì í mú un dẹ̀ bíi awọ dùndún, ọyẹ́ Jos kò sì ní kó le. Lílù ló ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fún ọ̀kan, kí ẹ fún èyí tó kọjú sí i. Ẹ tún wo fóòmù tó wà láàárín awọ àti etí ìlù: ó gbọ́dọ̀ kan awọ. Tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí kò sí bọ́tìnnì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ó wá kan Sensitivity, tí a ó pè ní agbára etí. Ẹ lu ìlù bí ẹ ṣe máa ń lù ú nígbà tí ìyìn bá gbóná jù, kí ẹ máa wo ìlà tó ń gòkè lójú àpótí ohùn. Tó bá dé òkè pátápátá kí agbára yín tó tán, ẹ dín in kù. Tí kò bá sún mọ́ òkè rárá, ẹ fi kún un. Ọ̀pọ̀ onílù ló ń yí i dé òpin, wọ́n rò pé ìgbà yẹn ni ìlù á gbọ́ dáadáa. Irọ́ ni. Gbogbo ìlù á kàn di 127 ni.

Threshold ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹnu-ọ̀nà. Ó dà bíi mégádì tí kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá kanlẹ̀kùn dáadáa. Tó bá le jù, ìlù jẹ́jẹ́ yín ò ní wọlé. Tó bá rọ̀ jù, ìlù á máa dún fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ẹ máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irú ìyẹn á fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sókè ní ẹyọ kan tàbí méjì.

Ní ti Velocity Curve, ìyẹn ìlà ìgòkè tó ń pinnu bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń lù ú le sí i, ẹ fi sílẹ̀ sórí èyí tó gún gbọọrọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́ nìkan ló yẹ kó mú èyí tó ń tètè gòkè.

Tí ẹ bá lu ìlù kan tí òmíràn dáhùn, Crosstalk nìyẹn, ìyẹn àfetígbà. Irin kan náà ló gbé gbogbo wọn, ó sì ń gbé ìgbọ̀nrìrì kiri. Ẹ fún ìdè irin náà, kí ẹ sì sún àwọn ojú ìlù jìnnà síra kí ẹ tó yí bọ́tìnnì àfetígbà sókè, torí tó bá pọ̀ jù, á máa gbé ìlù jẹ́jẹ́ mì.

Ẹ bá ẹni tó wà nídìí míkísà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Tó bá fi compressor, tó ń mú ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ sún mọ́ra, tẹ ohùn ìlù mọ́lẹ̀ jù, gbogbo làálàá yín ti ṣòfò. Àwọn àpótí ohùn kan wà tí kì í fi àtúnṣe pamọ́ àyàfi tí ẹ bá pa wọ́n bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ tètè fi tiyín pamọ́ kí iná tó lọ.